Ìyàwó Ìkẹyìn ní Agbo Ilé Wa

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà jọ́gíráfì ní Ìbàdàn, àwòrán kan wà tí mo máa ń yà sójú pátákó lọ́dọọdún fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà. Àwòrán iye ènìyàn ni, tí a fi ọjọ́ orí tò: àwọn ọmọdé nísàlẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láàárín, àwọn arúgbó lókè. Ti ilẹ̀ wa máa ń rí bí ebè iṣu, ìdí rẹ̀ á fẹ̀, orí rẹ̀ á ṣe ṣóńṣó. Mo máa ń sọ fún wọn pé àwọn ìlú kan wà lókè òkun tí ebè tiwọn ti ń dojú dé, tí arúgbó ti fẹ́ pọ̀ ju ọmọdé lọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni lójú wa.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọkọ mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ mi sì ti tú ká. Mo kó ẹrù mi padà sí Ìwó, sí agbo ilé bàbá mi. Bí a bá da gbogbo Nàìjíríà pọ̀, ebè náà ṣì wà bó ṣe wà, ọmọdé ṣì kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n agbo ilé kan kì í ṣe Nàìjíríà. Ní tiwa, ó ti dojú dé, kò sì sí ẹni tó pariwo, nítorí díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é.

Iṣẹ́ tíṣà kì í tán lára ènìyàn. Kò pẹ́ tí mo dé tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àmì. Odó ńlá tí wọ́n fi ń gúnyán fún gbogbo ilé nígbà tí mo wà lọ́mọdé ti dojú bolẹ̀, òun ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé, tí à ń pè ní Ìyá Alákàrà, fi ń ṣe àpótí ìjókòó. Ó ti pẹ́ tí òun náà ti fi àkàrà dídín sílẹ̀. Orúkọ nìkan ló kù. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa, tí wọ́n ti ń ta gúgúrú àti súìtì fún ọmọ iléèwé, ti di kẹ́mísì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń tà jù níbẹ̀, oògùn oríkèé ríro ló tẹ̀ lé e. Ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, àga oníke ti ń pọ̀ sí i lẹ́bàá ògiri, fún àwọn tí kò lè forí kanlẹ̀ mọ́. Ìsọmọlórúkọ ò dáwọ́ dúró lẹ́bí wa o, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti ń ṣe é. Fídíò rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa, a ó gbé fóònù kan yípo, oníkálùkù á ní ọmọ náà jọ ẹni báyìí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà nílé wa, ọmọ tuntun ni ò sí.

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀dọ́ ní Ìwó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún ojú títì, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ń gbé wọn lọ, wọ́n ń gbé wọn bọ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti gbàwé ẹ̀rí tán, wọ́n á di ẹrù wọn, àwọn mìíràn á sì dé. Ẹni tó bá dúró sí ojú títì wò wá, yóò ní ìlú wa ń bọ́mọdé ṣeré. Kí ó yà sínú agbo ilé ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń na ìka sí yàrá kọ̀ọ̀kan, mo fẹ́ mọ iye wa. Ìyálé rí mi. Àwọn ni obìnrin tó dàgbà jù nílé wa, wọ́n ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ojú wọn sì mú ju tèmi lọ. Wọ́n bú mọ́ mi: "Kí lò ń kà? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, a kì í sì í ka àgbà fún ikú." Ìlàjì àkọ́kọ́, gbogbo Yorùbá ló mọ̀ ọ́n. Ìlàjì kejì, àwọn ni wọ́n fi kún un. Mo ká ìka mi kò, mo kà á sínú.

Àmì tó sì dá mi lójú jù lọ, kò sí nínú ìwé jọ́gíráfì kankan. Òun ni ọjọ́ orí ìyàwó ìkẹyìn.

Ní agbo ilé wa, kì í ṣe ọjọ́ orí ni a fi ń to àwọn obìnrin ilé, ọjọ́ tí wọ́n wọlé ni. Bí wọ́n bá mú ìyàwó tuntun dé, àwọn obìnrin ilé á da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tí omi náà bá ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn. Gbogbo aya tó bá nílé, ìyálé rẹ̀ ni. Gbogbo ọmọ tó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà ṣì máa rákò. Òun ni yóò máa gbá agbo ilé láràárọ̀, òun ni wọn yóò máa rán níṣẹ́, òun ni yóò máa kúnlẹ̀ kí tẹrú tọmọ, títí ìyàwó mìíràn yóò fi wọlé tí yóò gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilé kún, iṣẹ́ yìí kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìyàwó kan bá gbálẹ̀ fún ọdún méjì, mẹ́ta, òmíràn á ti dé.

Ìyàwó ìkẹyìn ní ilé wa ti kọjá àádọ́rin ọdún.

Mo rántí ọjọ́ tó wọlé. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ àbúrò bàbá mi, ló fẹ́ ẹ wá láti Olúpọ̀nnà. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé igbá omi dání, mo sì da ìdajì rẹ̀ sára aṣọ mi, Ìyálé fi ìgbátí kan kí mi kú iṣẹ́. Nítorí pé ó bá mi nílé, ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́ láti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń di gèlè nígbà tí mo ṣì ń wọ́ mọ́tò agolo kiri. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, "ẹ" ni a jọ ń pe ara wa: èmi ń wo ọjọ́ orí rẹ̀, òun ń wo ipò mi. "Tíṣà mi" ló ń pè mí. "Ìyàwó" ni gbogbo wa ń pè é, ọkọ rẹ̀ tó ti kú náà kò pè é ní nǹkan mìíràn.

Ìyàwó méjì ló wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan kú sórí ìkúnlẹ̀ abiyamọ, èkejì bá ọkọ rẹ̀ jà, ó sì kó jáde. Ìgbálẹ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọkùnrin ilé wa ń gbéyàwó ní Èkó, ní Ìlọrin, ní Àbújá. Omi wa kò kan ẹsẹ̀ àwọn ìyàwó wọ̀nyẹn rí. Wọ́n ń wá ní ọdún Iléyá, wọ́n á jẹran, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Òfin ilé kò kà wọ́n sí ẹni tó wọlé. Ìyàwó ń bá ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Bí a bá ti kírun àsùbá tán ni n ó máa gbọ́ ìró rẹ̀, láti ìdí kànga wá sí abẹ́ igi máńgòrò, láti abẹ́ igi máńgòrò dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ìró náà máa ń lọ geere. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dánu dúró. N ó yọjú, n ó rí i tó di igi mú, tó ń fi ọwọ́ kan ra orúnkún. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán, òun ló ń lọ gba oògùn Baálé ní kẹ́mísì. Òun ló ń gbé fóònù gbogbo wa lọ fún ẹni tó ń bá wa fi iná sí i. Òun ló ń wẹ ẹ̀yìn fún Ìyálé. Ká má parọ́, òun lẹsẹ̀ ilé wa.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan wà tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, òun ló sún mọ́ ọn jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí fẹ́ kí ìyá òun wá gbé lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n rójú tọ́jú orúnkún náà. Gbogbo ìgbà tó bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, èsì kan náà ni Ìyàwó ń fún un.

"Ta ni kí n gbé ìgbálẹ̀ fún?"

"Màámi, ẹ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa bọ̀."

"Kí wọ́n lè ní ọmọ Olúpọ̀nnà sá lórí iṣẹ́ ilé ọkọ? Jẹ́ kí ìyàwó kan wọlé lónìí, n ó bá ọ lọ lọ́la."

Etí mi ló ṣe, torí lórí fóònù mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Inú bí mi díẹ̀. Mo rò ó pé arúgbó tí orúnkún ń dùn, ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ ló fi de ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún rò ó, bó bá lọ, ta ni yóò gba oògùn fún wa? Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú tíṣà bá rí ló ń kọ sójú pátákó.

Ọ̀rọ̀ wà báyìí nígbà tí ìròyìn dé pé ọmọ-ọmọ Baálé fẹ́ gbéyàwó. Baálé ni olórí agbo ilé wa, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n jẹ́, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti wú, orí àga ni wọ́n ń gbé. Ọmọ Ilé-Ogbó ni ìyàwó tí wọ́n fẹ́ gbé, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-Ogbó ni wọ́n ti máa so yìgì. Ohun tí àwọn ọmọ náà ní lọ́kàn ni pé bí wọ́n bá jẹun tán níbẹ̀, kí wọ́n kọrí sí Èkó.

Ìyàwó gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn mo rí i tó lọ kúnlẹ̀ sídìí àga Baálé, tó di ẹsẹ̀ àga mú. Ó ní òun kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn rí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ náà wá sílé, kí wọ́n da omi sí i lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe da á sí tòun.

"Ṣé torí ìgbálẹ̀ ni?" Baálé bi í.

"Torí ìgbálẹ̀ ni, Bàbá."

Baálé mi orí. Wọ́n pe ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n sọ fún un pé a kì í gbéyàwó ilé wa lọ láti ojú títì. Inú ìyàwó tuntun dùn. Ó ní òun ti ń fẹ́ irú àṣà bẹ́ẹ̀ nínú fídíò òun.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó ti Ìyàwó níbi tó ti ń ṣa ewé ẹ̀fọ́. Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ pé Èkó ni ọmọ yìí ń gbé. Ó ní òun mọ̀.

"Ẹ mọ̀ pé á padà síbẹ̀?"

"Tíṣà mi, èmi náà rò pé n ó padà sí Olúpọ̀nnà. Ọ̀sẹ̀ tí mo débí, mo sunkún, mo ní n ò ṣe mọ́. Ibi tí omi bá ti kan ènìyàn lẹ́sẹ̀ ló ń mú un."

Ó gbà á gbọ́. Èmi kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ jà á níyàn.

Wọ́n mú ìyàwó wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ tó rẹwà ni, ó sì lẹ́kọ̀ọ́. Ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó yẹ àti ẹni tí kò yẹ. Ìyálé fúnra wọn ló da omi náà, ẹni tó ń ya fídíò ní kí wọ́n tún un dà torí kò hàn dáadáa. Ìyálé wò ó títí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan là ń wọlé. Ìyàwó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò gbé ojú kúrò lára ẹsẹ̀ ọmọ náà. Nígbà tí omi kàn án, ó mí kanlẹ̀, gbogbo àwa tí a wà nítòsí rẹ̀ ló gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó tuntun gbálẹ̀. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó gbá a mọ́. Ó wọ ẹ̀wù àwọ̀sílé kan, ó de orí rẹ̀, Ìyàwó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń tọ́ka sí ibi tí ewúrẹ́ máa ń sùn. Mo ṣàkíyèsí pé kò fọwọ́ kan orúnkún ní gbogbo àárọ̀ yẹn. Ó jókòó sórí àga bí àwọn ìyálé yòókù, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun mu. Wọ́n bu ú. Inú mi dùn fún un, ó yà mí lẹ́nu bó ṣe dùn tó.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyàwó tuntun àti ọkọ rẹ̀ wọ mọ́tò wọn. Ìsinmi rẹ̀ ti parí. Ó kúnlẹ̀, ó gba àdúrà, ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a kírun àsùbá, n kò gbọ́ ìró kankan. Mo yọjú. Ewé máńgòrò wà nílẹ̀. Àwọn obìnrin ilé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, oníkálùkù níwájú yàrá rẹ̀, wọ́n ń wo ewé. Nígbà tí oòrùn yọ, Ìyàwó dìde láti lọ mú ìgbálẹ̀.

"Jókòó," ni Ìyálé wí. "Ìwọ kọ́ ni ìyàwó mọ́."

Ó jókòó.

Bí àṣìṣe wa ṣe rí nìyẹn, bóyá àwọn tó bá dàgbà sí agbo ilé nìkan ló lè yé. Ìyàwó ìkẹyìn wà, Èkó ló wà. Nígbà tó sì wà, kò sí ìyálé tó lè gbálẹ̀ láìsọ ara rẹ̀ di ẹni ẹ̀yìn. A ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbá a, a sì ti fi lé ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì ewé pọ̀ sí i, ìgbẹ́ ewúrẹ́ dá sí i. Ọjọ́ kẹta, ara mi ò gbà á mọ́, mo ṣán aṣọ mọ́dìí, mo mú ìgbálẹ̀. N kò tíì gbá dé ìdí kànga tí Ìyá Alákàrà fi figbe ta lórí odó.

"Ẹ gbà wá o! Ọkọ ń gbálẹ̀!"

Ìyálé jáde. Wọn kò bínú, wọ́n bi mí léèrè ni: "Bí ọkọ bá ń gbálẹ̀, kí ni àwa ń ṣe nílé yìí?" Mo gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri.

Ni Baálé bá ní kí a pe ìyàwó tuntun lórí fóònù. A yí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ìyálé ló sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa, ilẹ̀ kún o."

"Ẹ kú ilé mà. Ilẹ̀ ibo, mà?"

"Ilẹ̀ rẹ."

Ọmọ náà ní kí a má bínú, ibi iṣẹ́ lòun wà, òun á pè wá padà. Nírọ̀lẹ́ ó pè lóòótọ́. Ó bẹ̀ wá títí, ó ní bí òun bá wálé ọdún Iléyá, òun á gbá gbogbo rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iléyá ṣì jìnnà.

Ta ló sọ fún nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù mi. Kò pariwo, kò sì bẹ̀ ẹ́.

"Màámi, ẹ ní bí ìyàwó bá wọlé lónìí, ẹ̀ ń bá mi bọ̀ lọ́la. Ó ti wọlé. Mò ń bọ̀ wá mú yín ní Jímọ̀."

Ìyàwó ní ó dáa. Ó dá fóònù padà fún mi, kò dìde. Mo jókòó tì í. Ó ní, "Tíṣà mi, èmi ò fẹ́ lọ. Orúnkún mi ló fẹ́ lọ." Mo fẹ́ sọ pé kí ó dúró. Ó wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀ ni n ó sọ, tara mi ni, nítorí náà mo gbé e mì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nọ́ọ̀sì dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó wo agbo ilé, ó wo ewé. Ó kó ẹrù ìyá rẹ̀ sínú mọ́tò, ẹrù náà ò pọ̀. Ó wá ní òun fẹ́ lọ rọ epo lójú ọ̀nà Òṣogbo, kí ìyá òun máa dágbére, bí òun bá ti dé, ìrìn yá. Ó fi báàgì rẹ̀ sórí pèpéle, ó lọ.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére bí obìnrin ilé ṣe ń ṣe é, láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kan. Ó kúnlẹ̀ fún Baálé, ó di òpó mú dìde. Ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Alákàrà, ó di ògiri mú dìde. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú kó tó délẹ̀, mo ní mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa apá rẹ̀ gbà, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀ ṣáá. "Ọkọ ni yín," ó wí. Ó di èjìká mi mú dìde.

Ìyálé ló kù. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n wà lórí àpótí, láàárín ewé, kò sí òpó, kò sí ògiri. Ìyàwó lọ bá wọn níbẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. Ìyálé gbé ọwọ́ lé e lórí. Wọ́n ṣàdúrà fún un, àdúrà tó gùn, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmú náà máa ṣàn. A ṣe àmín. Ìyàwó ṣe àmín, ó fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀.

Ó tún gbìyànjú. Ó fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Èmi àti Ìyá Alákàrà sáré lọ, bí a ti lè sáré mọ, èmi di apá kan, òun di apá kejì. A fà á. Ẹ̀yìn mi dún, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Baálé tí wọn kì í kúrò lórí àga rọra tiro dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n na ọ̀pá wọn sí Ìyàwó kí ó dì í mú. Bó ti dì í mú, Baálé ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, la bá fi Ìyàwó sílẹ̀, a sáré di Baálé mú. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo pe ẹni tó bá wà níta. Àkókò Jímọ̀ ni, gbogbo ọlọ́kadà ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, kẹ́mísì wà ní títì. Mo pe fóònù nọ́ọ̀sì, ó ń dún nínú báàgì rẹ̀ lórí pèpéle.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," Ìyàwó wí. Òógùn ti bò ó. "N ó dìde tó bá yá."

"A kì í fi ènìyàn sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀," ni Ìyálé wí.

A rọra dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ìdí jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyálé wò ó, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpótí wọn, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Alákàrà tẹ̀ lé wọn. Baálé náà jókòó, torí wọn kò lè padà dé ìdí àga. Èmi ni mo kù lórí ìdúró. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé kò sí ẹnì kan láàárín wa tó lè gbé ẹnì kejì dìde. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi, irú èyí tí kì í bà mí nígbà tí mo bá ń kà á nínú ìwé. Mo jókòó tì wọ́n.

Ìyálé bi Ìyàwó pé ta ni yóò máa kí láàárọ̀ ní Ìbàdàn.

"Ọmọ mi ní kò sí ẹni tí n ó máa kúnlẹ̀ fún níbẹ̀."

Ìyálé rò ó. "Ṣé ilé ènìyàn ni wọ́n ń mú ọ lọ ṣá?"

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, Ìyá Alákàrà náà bú sẹ́rìn-ín, ó wá ku díẹ̀ kí ẹ̀rín náà di ẹkún, kò sì sí ẹni tó mọ èwo ni ti ta ni.

Fèrè mọ́tò dún lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó rí gbogbo wa lórí ilẹ̀, nínú ewé, lọ́sàn-án gangan. Ọmọ Yorùbá ni, ó mọ ohun tó ń mú àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ báyẹn. Ó ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," Baálé dáhùn. "Gbé wa dìde."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ènìyàn. Ó gbé ìyá rẹ̀ dìde, ó mú un lọ sínú mọ́tò, ó padà wá. Ó gbé Ìyálé, ó gbé Baálé padà sórí àga, ó gbé Ìyá Alákàrà, ó na ọwọ́ sí èmi náà, mo sì dì í mú. Nígbà tí gbogbo wa ti dúró tán, ó kúnlẹ̀ dágbére fún wa, ó dìde láìdi nǹkan kan mú, ó sì gbé ìyá rẹ̀ lọ.